Fíìmù Mẹ́ta àti Ìwé Pẹ́pẹ́yẹ Bàbá Mi

Mo ń jẹun lọ́wọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá nígbà tí Tèmi, àbígbẹ̀yìn mi, gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi, ó ní kí n wá wo fíìmù tuntun kan tí gbogbo ọmọ kíláàsì wọn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n jẹun tán ná. Àfi bí mo ṣe rí pẹ́pẹ́yẹ kan tó ń tiro lọ létí omi, tí ọmọbìnrin kékeré kan ń sáré tẹ̀ lé e, ni mo bá gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo mọ pẹ́pẹ́yẹ yẹn. Mo mọ ọmọ yẹn náà, mo mọ ìyá àgbà tó ń tọ́ ọ, mo sì mọ̀ pé atukọ̀ òkun ni bàbá rẹ̀, tó ti lọ láti ìgbà tí ọmọ ò tíì ga ju tábìlì lọ. Mo jókòó ti fóònù náà títí ọbẹ̀ fi dì mọ́ àwo. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, wọ́n mú ọmọ náà wọ ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n lè gbé e lọ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí ní ìlú òkèèrè, ni ọmọ bá bẹ́ sómi, ó sì lúwẹ̀ẹ́ padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Mo ní, "Irọ́ ni." Ẹnu ya Tèmi. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti wò ó tẹ́lẹ̀ ni?" Mo ní mo ti wo méjì mìíràn tó yàtọ̀ sí èyí, mo sì ti ka ìwé tí wọ́n ti yọ gbogbo wọn. Ó wá bi mí pé báwo ló ṣe wá parí nínú ìwé. Ìbéèrè kékeré nìyẹn, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ ti àwo ọbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo dáhùn rẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, bàbá mi ni ìdáhùn náà dójú tì.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Àjẹ́gúnlẹ̀ là ń gbé, nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ tí mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan la àárín wọn. Bí ẹnì kan bá sín ní yàrá àkọ́kọ́, ẹni tó wà ní yàrá ìkẹjọ ló máa kí i pé ó kú ewu. Ariwo ilé yẹn kì í tán. Ní ìdájí, n óò máa gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń po ẹ̀wà lílọ̀ nínú abọ́ ńlá, torí àkàrà ló ń dín lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìgbálẹ̀, lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń kọ lu ara wọn nídìí ẹ̀rọ omi, lẹ́yìn ìyẹn ni Mama Tega, aládùúgbò wa tó wá láti Wàrri, tó jẹ́ pé Pidgin ló fi ń bá gbogbo ayé wí, títí kan adìẹ rẹ̀. Láti ọ̀nà Àpápá, fèrè ọkọ̀ òkun á dún títí gíláàsì fèrèsé á fi máa gbọ̀n. Iṣẹ́ tèmi ni kí n pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù, kí n sì fọ agbada àkàrà pẹ̀lú eérú. Kúnlé, àbúrò mi, ló ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó máa ń gbá a dé ẹnu ọ̀nà tiwa, á sì dúró síbẹ̀, ó ní tàwọn tó kù kì í ṣe tòun. Bàbá mi ń ṣe lébúrà ní Kírìkírì, níbi tí àwọn bájì, ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó ń kó ẹrù láti inú ọkọ̀ ńlá, ti ń já ẹrù, ejìká rẹ̀ sì le bí pákó. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa, kò sẹ́ni tó ń pè é ní lébúrà. Bàbá Oníwèé ni wọ́n ń pè é, tọmọdé tàgbà.

Inú páálí kan tó ya ní èbúté ni ìwé náà ti jáde. Omi ti ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, ọ̀gá wọn sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ mú un lọ. Ìwé òyìnbó ni, ó nípọn, àwòrán pọ̀ nínú rẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ kan sì wà lójú èèpo rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Ìwé Pẹ́pẹ́yẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí a bá ti jẹ ẹ̀bà tán, tí ojú ọ̀run ṣì mọ́lẹ̀ díẹ̀, bàbá mi á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ṣí ìwé náà lé itan, àwọn ọmọ yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á sì yí i ká. Á wo ojú ewé náà pẹ́, á fi itọ́ pa ìka, á ṣí òmíràn, á wá máa sọ ọ́ fún wa ní Yorùbá. Àbẹ̀kẹ́ ló ń pe ọmọ inú ìwé. Àbẹ̀kẹ́ a máa pọn omi bíi tèmi, a máa jí ẹja gbígbẹ jẹ bíi ti Kúnlé, ìyá àgbà rẹ̀ a sì máa sọ fún un pé onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún, pé bàbá rẹ̀ á dé. Àwòrán tó gbẹ̀yìn la máa ń dúró dè: ọkọ̀ ńlá kan ní èbúté, àpótí rẹpẹtẹ nílẹ̀, àwọn èèyàn tó gbé ọwọ́ sókè. Bàbá mi kì í kánjú débẹ̀. Á yí ìwé náà sí wa kí gbogbo wa rí i, á ní, "Ó ti dé. Bàbá Àbẹ̀kẹ́ ti dé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń juwọ́ kí i." A ó pàtẹ́wọ́. A gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la sì pàtẹ́wọ́. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìwé náà. "Ọwọ́ yín ní epo," ló máa ń wí, á sì gbé e padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò ṣàjèjì lójú mi. Òun náà kúkú ló ń ka Bíbélì Yorùbá sétígbọ̀ọ́ ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ohùn rẹ̀ a sì máa dún ketekete.

Bùrọ̀dá Fẹ́mi, ajẹ́ǹtì tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní Àpápá, ló ń gbé yàrá iwájú. Òun nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n àti fídíò nínú ilé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ó pe gbogbo ọmọ ilé jọ, ó ní òun yá kásẹ́ẹ̀tì kan fún wa. Bí àwòrán ṣe yọ, tí mo rí pẹ́pẹ́yẹ, inú mi dùn débi pé mo dìde dúró, wọ́n sì pariwo mọ́ mi kí n jókòó. Fíìmù àtijọ́ ni, aláwọ̀ funfun àti dúdú. Ṣùgbọ́n nǹkan ò rí bó ṣe yẹ. Orúkọ tí wọ́n ń pe Àbẹ̀kẹ́, n kò lè pè é. Ìyá àgbà rẹ̀ le koko, kò rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni òpin rẹ̀. Ọkọ̀ ńlá náà wà ní èbúté bó ṣe wà nínú àwòrán wa, ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi sínú rẹ̀. Ọkọ̀ gbéra, ó ń lọ, ìyá àgbà sì dúró létí omi pẹ̀lú pẹ́pẹ́yẹ lọ́wọ́, òun nìkan. Mo ní, "Bùrọ̀dá Fẹ́mi, irọ́ ni wọ́n ń pa. Bàbá rẹ̀ dé." Ó rẹ́rìn-ín. "Wúrà, ṣé ìwọ lo kọ ọ́ ni?" "Bàbá mi ló kà á." Nígbà tí bàbá mi dé láti ibi iṣẹ́, mo sáré lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà, mo rojọ́ fún un. Ó tẹ̀ ba, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀. Ó ní, "Àwọn tó ń ṣe fíìmù, bó ṣe wù wọ́n ni wọ́n ń ṣe é." Ìyá mi wò ó.

Nígbà tí a gba ọlidé, Àǹtí Bísí, àbúrò ìyá mi, mú mi lọ sí Àpápá GRA, ibi tó ti ń se oúnjẹ nílé ọ̀gá kan tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ òkun. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Tírélà tò sójú títì ńlá lẹ́yìn ọ̀hún, ṣùgbọ́n nínú ọgbà wọn, ewé tó ń já bọ́ nìkan lèèyàn ń gbọ́. Àwọn ọmọ ilé náà gbé kàtúùnù kan sí fídíò, ìtàn wa kan náà sì ni. Níbẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń kọrin. Ìyá àgbà tó le bí igi nínú ti Bùrọ̀dá Fẹ́mi wá ń jó káàkiri ilé ìdáná. Nígbà tó parí, òun àti ọmọ àti pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n jọ wọ ọkọ̀, ó di ìgbéra, orin gba gbogbo inú omi. Bàbá ọmọ ò sí níbẹ̀ rárá. Mo wo ojú àwọn ọmọ tó jókòó tì mí, kò sẹ́ni tó yà lẹ́nu nínú wọn, ìyẹn gan-an tún wá bí ìyàlẹ́nu mìíràn fún mi. Mo lọ bá Àǹtí Bísí ní ilé ìdáná, mo sọ fún un pé tibí náà parọ́. Ó ní, "Má wá bá wọn jà nínú ilé wọn o." Ní gbogbo ọ̀nà tí a fi ń bọ̀, mo ń gbé fíìmù méjèèjì lé orí òṣùwọ̀n. Wọn ò fẹnu kò lórí pẹ́pẹ́yẹ, wọn ò fẹnu kò lórí ìyá àgbà. Lórí ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ti gbà fún ara wọn: ọkọ̀ náà ń lọ ni. Ẹni méjì jẹ́rìí lòdì sí bàbá mi, mo sì gbà pé àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń pe ẹjọ́ nìyẹn. N kò jẹ́ kí ilé sinmi. Mo ń sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, mo ń sọ ọ́ nídìí àkàrà, pé fíìmù méjèèjì ba ìwé bàbá mi jẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí olúkúlùkù gbé ìrẹsì rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí ooru, Bùrọ̀dá Fẹ́mi ní, "Bàbá Wúrà, ọmọ yín ò ní jẹ́ ká gbádùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìwé náà wá, ká ka ojú ewé tó gbẹ̀yìn, kí ọ̀rọ̀ tán." Mama Tega ní, "Abeg, bring am make we hear. This pikin don worry us tire." Ìyá mi ní, "Ẹ fi ìwé sílẹ̀ o jàre, ẹ jẹ́ ká jẹun." Ṣùgbọ́n èmi ti ń fò sókè. Bàbá mi jókòó díẹ̀, ó nu ọwọ́, ó wọlé, ó sì gbé e jáde. Bùrọ̀dá Fẹ́mi na ọwọ́. Bàbá mi ò gbé e fún un. Ó yí padà sí mi. "Wúrà ni kó kà á," ó wí. "Ọmọ mi gbọ́ òyìnbó." Ó wo ojú mi pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. Ìwúrí ni mo pè é lọ́jọ́ náà. Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, kí n tó mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni.

Mo kà á bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi, n óò ka gbólóhùn kan ní òyìnbó, n óò sì túmọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ fọn fèrè. Wọ́n tú okùn. Ohùn mi dẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò dúró, torí mo rò pé n kò tíì dé ibi tó dára ni. Ọmọ náà gbé ọwọ́ sókè sí ìyá àgbà rẹ̀ títí kò fi rí i mọ́. Níbẹ̀ ni ìwé náà parí. Mo ní bóyá bàbá ọmọ wà lójú ewé tó ṣáájú, mo ṣí i padà, mo wá a, mo sì rí i. Mo kà á sókè pẹ̀lú ohùn ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn: ìjì dojú ọkọ̀ bàbá rẹ̀ dé, ó kú sínú òkun, ìyá àgbà sì ti darúgbó ju ẹni tó lè tọ́ ọmọ lọ. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, kò sẹ́ni tó ń jẹun mọ́. Mo ṣì ń ronú pé ìwé náà ló ṣì í. Mama Tega ló là mí lóye, kò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Ó ní, "So wetin Bàbá Wúrà come dey read for us since?" Bùrọ̀dá Fẹ́mi bú sẹ́rìn-ín, ó sì tètè gbé e mì. Bàbá mi dìde, ó kó àwo rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa jẹun o, ó sì wọlé.

Bàbá mi ò gbọ́ òyìnbó ju "come" àti "go" tí wọ́n fi ń pàṣẹ ní ibi iṣẹ́ lọ. Yorùbá nìkan ló mọ̀ ọ́n kà. Ìyá mi ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó pè mí sẹ́yìnkùlé. "Ta ló ní kí o kà á báyẹn?" Mo ní òótọ́ ni mo kà. Ó ní, "Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà." Kò nà mí. Ì bá nà mí, ọkàn mi ì bá fúyẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí bàbá mi bá ti jẹun tán, ó di inú yàrá. Àwọn ọmọ gbé ẹní jáde ní ìrọ̀lẹ́ méjì, mẹ́ta, wọ́n sì ká a wọlé. Àwọn kan tún bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní Bàbá Wúrà, wọ́n rò pé àwọn ń ṣàánú rẹ̀. Èyí tó wá já mi láyà jù lọ, ó lọ bẹ pásítọ̀ pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa ka Bíbélì. Bíbélì tó mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Ojú ń tì í láti ṣí ìwékíwèé níwájú èèyàn, èmi ni mo sì fa gbogbo rẹ̀. N kò mọ bí ọmọ ṣe ń tọrọ irú àforíjì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ bàbá.

Ní Sátidé kejì, ìyá mi ní kí n gbé oúnjẹ lọ fún un ní Kírìkírì. Mo bá a lẹ́bàá ọgbà wáyà, òun nìkan, ó jókòó sórí igi. Mo kúnlẹ̀, mo gbé abọ́ sílẹ̀, n kò dìde. Ó jẹun díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ tọ́ka sórí omi, níbi tí ọkọ̀ ńlá kan ti ń rọra kọjá. "Wò ó. Ṣé ó ń bọ̀ ni, àbí ó ń lọ?" Mo ní ó ń bọ̀. "Báwo lo ṣe mọ̀?" Mo ní ó rì wọnú omi, ẹrù kún inú rẹ̀. Gbogbo ọmọ Àjẹ́gúnlẹ̀ tó bá dàgbà sétí omi ló mọ ìyẹn. Ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ á rì, á wúwo; èyí tó bá ń lọ á léfòó, ikùn rẹ̀ pupa á hàn síta, torí kò rí nǹkan púpọ̀ gbé lọ́dọ̀ wa. Ó ní, "Èyí tó wà nínú ìwé rì dé ìlà ẹrù tó wà lára rẹ̀. Mo wò ó dáadáa, Wúrà. N kò parọ́ fún yín." Èmi tí mo gbọ́ òyìnbó, n kò wo ọkọ̀ náà rí. Kò sẹ́ni tó sọ fún èmi tàbí òun pé ìlú wà láyé tó jẹ́ pé ẹrù ló ń kún inú ọkọ̀ tó ń lọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, sà." Ó gbé ẹran tó kù nínú abọ́ fún mi. Ó ní, "Tí mo bá délé, ìwọ ni o máa kà á fún mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀."

A kà á fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nínú yàrá, ilẹ̀kùn ní títì, ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà, Kúnlé sì nà gbalaja sórí ibùsùn. Ẹnu ya bàbá mi sí gbogbo nǹkan. Ẹni tó ti pè ní dókítà nínú àwòrán, olè ni. Ìyá àgbà máa ń mu sìgá. Ó máa ń ní kí n tún un kà, á mi orí, á ní, "Ẹ wò mí bí mo ṣe ń purọ́ mọ́ ọkùnrin yìí." Nígbà tí a dé ojú ewé ìkẹyìn, ẹ̀rù bà mí. Mo ní ọkọ̀ dé, bàbá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ìwé náà. "Wúrà, ka ohun tó wà níbẹ̀." Mo kà á, ìjì, okùn, ọwọ́ tó wà lókè. Ó wá bèèrè pé, "Ta ló lọ gbà á lọ́hùn-ún?" Mo ní ìwé náà ò sọ. Ó ní kí n ṣí i síwájú. Mo fi èèpo ẹ̀yìn hàn án, pé ó ti tán. Mi ò rí bàbá mi kó yà á lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ rí. "Wọ́n fi ọmọ sínú ọkọ̀, wọn ò kọ orúkọ ẹni tó máa gbà á? Páálí ọṣẹ lásán, kì í kúrò lọ́wọ́ wa láìsí orúkọ ẹni tó ni ín lára rẹ̀." Ó dìde, ó ń rìn láti ògiri dé ògiri. Ìyá mi ní kó jókòó, pé ìwé ni. Kò jókòó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó gbé ẹní jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò gbé ìwé dání. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà ìyá wọn. Bùrọ̀dá Fẹ́mi dín ohùn tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kù. Bàbá mi sọ fún wọn pé òótọ́ ni Wúrà kà, pé bàbá Àbẹ̀kẹ́ ti kú, pé wọ́n fi ọmọ náà sọ́kọ̀, pé ìwé òyìnbó tán síbẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbá itan, ó ní, "Ó rin òkun títí, kò rí ẹni tó mọ̀. Ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí Àpápá lọ́jọ́ Ajé kan, bájì sì gbé ọmọ náà dé Kírìkírì. Èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà."